Ẹgbẹ́ mẹ́ta, ọmọ kan náà: báwo la ṣe lè mú ètò ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ṣọ̀kan ní Èbúté Mẹ́ta?

Olùṣekòkáárí, Èbúté Mẹ́ta:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìrọ̀lẹ́ yín sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, nítorí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn kan nínú yín.

Ní agbègbè wa, láàárín Òyìngbò àti Òtò, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní lẹ́sìn ọ̀fẹ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ilé-ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan ń kọ́ wọn nínú gbọ̀ngán ìjọ láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn àgùnbánirọ̀ máa ń wá ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. CDA wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí èmi ń bá ṣiṣẹ́, ní kíláàsì tirẹ̀ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Gbogbo wọn ló ń ṣe é tọkàntọkàn, mi ò sì rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi nínú wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹgbẹ́ tó mọ ohun tí ìkejì ń ṣe. Ọmọ kan yóò gba ìwé ìkọ̀wé lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tí ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà, tó ń kiri píọ̀wọ́tà ní Òyìngbò títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò tíì jókòó sí ọ̀kankan nínú wọn rí. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ń kọ́ ọmọ ní ìdá, àgùnbánirọ̀ ń kọ́ ọmọ yìí kan náà ní ìlọ́po, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọ̀hún kò tíì lè yọ 17 kúrò nínú 42 láìka ìka ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń fi owó ràn wá lọ́wọ́ ti ń dábàá pé kí a dá kíláàsì mìíràn sílẹ̀, kí wọ́n lè rí orúkọ wọn lára ògiri rẹ̀. Èmi kò rò pé ètò kẹrin ni àdúgbò wa nílò. Ohun tí a nílò ni kí mẹ́ta tó wà nílẹ̀ di ọ̀kan lójú ọmọ, kódà bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣì ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Ọwọ́ ta ni kí rẹ́jísítà wà? Ṣé ilé-ìwé ìjọba sì lè yá wa ní yàrá ìkàwé lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, nítorí gbọ̀ngán ìjọ kò lè gba gbogbo àwọn ọmọ, àwọn òbí mìíràn kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn wọ ibẹ̀?

Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì, Súrùlérè:

Ẹ kú iṣẹ́, olùṣekòkáárí wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó rọrùn.

Yàrá ìkàwé ṣeé rí. Àwa tí a dàgbà ní Èkó rántí ìgbà tí ilé-ìwé kan náà ń gba ọ̀wọ́ ọmọ méjì lójúmọ́, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án, nítorí pé yàrá kò tó. Ìjọba Gómìnà Lateef Jakande, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979, ló kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá ìkàwé tó sì fòpin sí ètò ọ̀wọ́ méjì náà. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀sán ti ṣófo ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa: àga wà, pátákó wà, òrùlé wà, ọmọ ni kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì bẹ SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé náà, pé kí wọ́n bá yín fọwọ́ sí i, nítorí àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti aṣojú àdúgbò ló wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Nínú lẹ́tà náà, ẹ kọ ẹni tí yóò máa gbá ilẹ̀, ẹni tí yóò máa ti ilẹ̀kùn, àti ohun tí ẹ óò máa fún mẹ́gádì lóṣooṣù. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé kì í bẹ̀rù lẹ́sìn. Àga tó kán ni ó ń bẹ̀rù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò ti béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí aláyẹ̀wò bá dé.

Èyí tó ṣòro ni bí ẹ ṣe fẹ́ mú ẹgbẹ́ mẹ́ta ṣọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ìpàdé àwọn olórí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ ipò ni wọn yóò fi ìpàdé náà sọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ. Kí àwọn olùyọ̀ọ̀da-ara-ẹni ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbé ìwé pélébé kan lé e lọ́wọ́: lẹ́tà ní apá òkè, ọ̀rọ̀ kéékèèké tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìpínrọ̀ kúkúrú, lẹ́yìn náà ìtàn kan. Ibi tí ọmọ bá ti dúró ni kí wọ́n kọ sílẹ̀. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún òǹkà, ìròpọ̀, ìyọkúrò àti ìpín. Kò sí máàkì, kò sí ipò kìn-ín-ní. Ẹ óò rí i pé ọmọ kíláàsì karùn-ún àti ọmọ kíláàsì kẹta lè wà lórí ìlà kan náà, àti pé kíláàsì tí ọmọ wà kò sọ púpọ̀ fún yín nípa ohun tó mọ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tèmi. Ẹgbẹ́ Pratham, tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn àdúgbò tálákà ìlú Mumbai ní Íńdíà láàárín ọdún 1990 sí 1999, ló sọ ọ́ di iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, tí Abhijit Banerjee àti Esther Duflo wà lára wọn, fara balẹ̀ ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ wọn ní Mumbai àti Vadodara, níbi tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò, tí wọn kì í ṣe olùkọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí, ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń rẹ̀yìn. Àwọn ọmọ náà tẹ̀ síwájú gidigidi. Ní 2019, Banerjee àti Duflo wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel fún irú iṣẹ́ ìwádìí bẹ́ẹ̀ nípa ìṣẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ dì mú nínú rẹ̀ ni pé ará àdúgbò tó mọ ibi tí ọmọ dúró lè ṣe ohun tí olùkọ́ tó ní ọmọ ọgọ́ta níwájú kò rí àyè ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi Yorùbá kọ́ ìwé kíkà ná. Ọmọ tó bá ti mọ lẹ́tà 25 wa àti ohùn mẹ́ta lè ka ohun tó ti ń sọ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ìgboyà tó bá sì rí níbẹ̀ ni yóò gbé lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti dán an wò láti 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ìyá Alákàwé, Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀rọ̀ àkókò ni èmi fẹ́ fi kún un. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, àkókò ló ń pa ètò ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ju àìsí yàrá lọ. Ọmọ tó jáde ní ilé-ìwé ní aago méjì kì í ṣe ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ó ní ilé-kéwú tó ń lọ, ó ní ìyá tó ń retí rẹ̀ ní ìsọ̀ ní Jankara tàbí ní Ìdúmọ̀tà, ó sì ní àbúrò tó gbọ́dọ̀ mójú tó. Ẹgbẹ́ tó bá gbé kíláàsì rẹ̀ sí àárín ìrun Alásárì àti Màgàríbì láìbá Alfa sọ̀rọ̀ ti ń bá ilé-kéwú du ọmọ láìmọ̀. Àwọn òbí kò ní bá ẹgbẹ́ náà jiyàn. Wọn kò kàn ní jẹ́ kí ọmọ wá mọ́ ni.

Àwọn Alfa ni àwa kọ́kọ́ lọ kí. Ọ̀pọ̀ ilé-kéwú ló máa ń sinmi ní Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Jímọ̀, nítorí náà Ọjọ́bọ̀ ni a gbé kíláàsì wa tó gùn jù lọ sí. Ní àwọn ọjọ́ tó kù, Alfa kan gbà pé kí a máa lo wákàtí kan ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó gbé wàláà. Wọ́n ti jókòó tẹ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún sì wà lójú wọn, nítorí náà kò sí pé à ń wá ọmọ kiri láti ojúlé dé ojúlé. Ìlú Èkó ti mọ irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ níhìn-ín, ilé-ìwé tí wọ́n sì kọ́ ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí ní láti fi ẹ̀sìn ọmọ wọn du ẹ̀kọ́ ìwé.

Ní ti ọmọ tó ń kiri píọ̀wọ́tà ní Òyìngbò, ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà ni kí ẹ gbà lọ. Lóòótọ́ ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣe ní 2007, wà láti dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi òfin dẹ́rù ba ìyá tó ń wá oúnjẹ òòjọ́, yóò gbé ọmọ náà lọ sí ọjà mìíràn tí ẹ kò ní rí i mọ́. Ẹ bi àwọn ìyá léèrè wákàtí tí ọjà wọn máa ń tutù. Èyí tí àwọn tiwa sọ fún wa ni láti aago méjì àbọ̀ sí aago mẹ́rin, kí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tó kún ojú ọ̀nà. A gba wákàtí kan àti ààbọ̀ náà, a sì dúpẹ́. Ọmọ tó jókòó fún ìṣẹ́jú 90 lójoojúmọ́ láìpa á jẹ sàn ju ọmọ tí a dè mọ́ kíláàsì fún wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ olùyọ̀ọ̀da-ara-ẹni, Akọ́kà:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin òbí wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọmọ yín.

Àwa tí a ń yọ̀ọ̀da ara wa ni ibi tí okùn náà ti máa ń já. Àgùnbánirọ̀ yóò lọ nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi kò sì ní rí àyè lásìkò ìdánwò. Nítorí náà, ọ̀wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní olùkọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ará àdúgbò tí kò ní kúrò: aránṣọ tó ti yege nínú WAEC, ìyá tó mọ̀wé dáadáa, bàbá tó ti fẹ̀yìntì. Kí ìwé kan sì wà fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, tí a óò máa kọ ohun tí a ṣe, ẹni tó wá, àti ohun tó kàn sí, kí ẹni tuntun tó bá dé má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D. Àwọn ọmọ máa ń mọ̀ bí a bá ń tún ohun kan náà kọ́ wọn, ó sì máa ń mú wọn rò pé àwọn kò mọ nǹkan kan.

Olùkọ́ méjì yìí tún jẹ́ ààbò fún ọmọ. Kò yẹ kí àgbàlagbà kan ṣoṣo máa wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, bó ti wù kí onítọ̀hún jẹ́ ènìyàn dáadáa tó. Ní ti àwọn tó ń fún yín lówó tí wọ́n sì ń béèrè fọ́tò àwọn ọmọ, ẹ sọ fún wọn pé Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 fẹ́ kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i kí a tó gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ. Fọ́tò ìwé tí ọmọ kọ, láìsí orúkọ lára rẹ̀, yóò fi iṣẹ́ hàn wọ́n ju ojú ọmọ lọ.

Olùkọ́ ìrọ̀lẹ́, Ìwáyà:

Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ nípa bí a ṣe ń pín ọmọ sí ọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, sà, mi ò gbà pé Yorùbá ni kí gbogbo ọmọ fi bẹ̀rẹ̀. Ní Mákòkò àti ní Ìwáyà níhìn-ín, èdè Ègùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ nínú ilé, Faransé sì wà lẹ́nu àwọn kan tí ẹbí wọn wá láti orílẹ̀-èdè Benin. Lójú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Yorùbá jẹ́ èdè kejì, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ìkẹta. Bí a bá gbé ìwé Yorùbá lé e lọ́wọ́ tó sì dákẹ́, a lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ̀wé kà, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ni kò yé e. Mo rò pé ohun tí Fafunwa ń jà fún ni pé kí ọmọ fi èdè ìyá rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín gan-an ló gbè mí lẹ́sẹ̀. Ẹ fi ìlà kan kún rẹ́jísítà: èdè wo ni wọ́n ń bá ọmọ yìí sọ nílé? Ẹ wá ọ̀dọ́ kan tó gbọ́ Ègùn sínú ọ̀wọ́ tó bá nílò rẹ̀. Òyìngbò kò jìnnà sí wa. Àwọn ọmọ wa ń bá ìyá wọn gbé ẹja wá síbẹ̀, kò sì ní ṣàìrí bẹ́ẹ̀ pé ẹ ti ní díẹ̀ nínú wọn.

Ní ti àwọn tó fẹ́ rí orúkọ wọn lára ògiri, ẹ rán wọn létí ilé-ìwé orí omi tí Kunlé Adeyemi ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní Mákòkò ní 2013. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí èrò ńlá ló wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, òjò ńlá rọ̀, ilé náà sì wó. A dúpẹ́ pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Ẹ̀kọ́ kò dúró nítorí pé àwọn olùkọ́ kò lọ. Owó tí wọn ì bá fi kọ́ yàrá tuntun, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi san owó tó ṣe déédéé fún àwọn ará àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń sọ, kí wọ́n sì fi san owó ọkọ̀ ojú omi fún àwọn ọmọ tó ń gbé lórí omi, nítorí ìyá wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n máa wa ọkọ̀ bọ̀ nínú òkùnkùn.

Olùṣekòkáárí, Èbúté Mẹ́ta:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sí etí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ méjèèjì yòókù, a sì ti fẹnu kò lórí ohun kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀: a kò ní pín ọjọ́ láàárín ara wa mọ́, ìpele ni a óò pín. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ yóò mú àwọn ọmọ tí kò tíì mọ lẹ́tà tàbí òǹkà, nítorí àwọn ni wọ́n ní sùúrù jù, wọ́n sì máa ń fi orin kọ́ wọn. Àwọn àgùnbánirọ̀ yóò mú àwọn tó lè ka ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ìpínrọ̀ ń dá dúró. CDA yóò mú àwọn tó ń ka ìtàn, tí ìdánwò àṣewọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń bọ̀ níwájú wọn. Bí ọmọ bá ti gòkè ní ìpele kan, yóò kọjá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó kàn, ìwé rẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e. Àyẹ̀wò yóò wáyé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wọlé, a ó sì fi ìlà èdè ilé kún un bí ẹni wa láti Ìwáyà ṣe wí. Ẹ̀dà rẹ́jísítà kan yóò wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé CDA. Lórí WhatsApp, nọ́ńbà ọmọ nínú rẹ́jísítà nìkan ni a óò máa lò, láìsí orúkọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a kò tíì yanjú. Kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹta ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò oúnjẹ ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 sílẹ̀ fún, bẹ́ẹ̀ kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa wà. Ọmọ tí kò jẹun láti àárọ̀ kò lè gbọ́ ohun tí à ń sọ ní aago mẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà wá pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, owó lè tán láàárín sáà, kí àwọn ọmọ sì dẹ́kun wíwá.

Ìyá Alákàwé, Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ má ṣe ìlérí ìrẹsì. Gaàrí, ẹ̀pà àti omi tútù kò ní pa owó yín run, ọmọ Èkó kankan kò sì kọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Ẹ fún wọn kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ní gbogbo ọjọ́, ní ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ọmọ, kí ẹ má sì sọ ọ́ di èrè fún ẹni tó gba iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà lè máa dá gaàrí náà ní kọ́ńgò-kọ́ńgò, nítorí ó rọrùn fún wọn ju kí wọ́n dá owó lọ, wọn yóò sì máa bi yín léèrè ohun tí ọmọ wọn kọ́ bí wọ́n bá ti ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀pà máa ń bá jà gidigidi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ sì fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ọmọ náà nínú rẹ́jísítà méjèèjì.